Kámẹ́rà Orí Maikirosíkóòpù: Láíbìrì Wo Ló Bá Láàbù Èkó Mu?

Ẹni tó bá ya láàbù kékeré kan ní àyíká Ìdúmọ̀tà tàbí Adéníji Adélé lónìí lè rí kámẹ́rà kan tí wọ́n kì bọ ihò ojú maikirosíkóòpù, tí wáyà USB rẹ̀ sì so mọ́ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Kámẹ́rà ọ̀hún kò wọ́n bíi ti àtijọ́ mọ́. Iṣẹ́ tó kù ni bí àwòrán yóò ṣe jáde nínú rẹ̀ tí yóò fi dé ojú ẹni tó fẹ́ wò ó, ì báà ṣe olùkọ́ tó fẹ́ fi han kíláàsì, ì báà ṣe dókítà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ há mọ́ orí afárá Third Mainland. Àwọn láíbìrì sọ́fítíwíà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, kí àwa tó kù má baà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Wọ́n pọ̀ lọ súà. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà kò sí nínú láíbìrì rárá. Wọ́n á ra kámẹ́rà tán kí wọ́n tó máa wá láíbìrì kiri, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà ló ń yan láíbìrì fún olówó rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ìlera Erékùṣù Èkó ti wà lọ́wọ́ ẹni tó tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù. Sir William MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ni. Òun ló jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi tó la Ìkòyí kúrò lára Èkó, kí àbàtà tí ẹ̀fọn ń pamọ sí lè gbẹ. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ̀lú ní 1924, tí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1930, Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé wà lára àwọn tó kojú rẹ̀, àjàkálẹ̀ ọ̀hún sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá LEDB, àjọ tó wà fún títún ìlú Èkó ṣe, sílẹ̀ ní 1928. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Adrian Stokes tó ń wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kó àrùn náà, ó sì kú sí Èkó ní oṣù September 1927. Ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn ní: ojú ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba orí lẹ́ńsì lẹ́ẹ̀kan. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ rí i, àfi kó dúró de ipò rẹ̀, tàbí kó gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́.

Ká mú síláìdì ibà. Onímọ̀ láàbù á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, á fi aró Giemsa kùn ún, á kán òróró sí i, á sì yí lẹ́ńsì 100 bọ́ sí i lórí. Kó tó lè kọ ọ́ pé kò sí kòkòrò ibà níbẹ̀, WHO ní ó gbọ́dọ̀ wo ojú ibi ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára kókó tó ń sún síláìdì, èkejì wà lára kókó tó ń mú kí àwòrán mọ́ kedere. Á sún un, á yí i, á tún sún un, kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Bí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀yìn sí ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ti dàrú nìyẹn. Á ti yí kókó kọjá ibi tó mọ́ kó tó rí i pé ó mọ́. Á yí i padà, á tún kọjá. Kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ kámẹ́rà sọ sínú dúrọ́ọ̀, tí yóò sì dojú padà bo lẹ́ńsì. Púpọ̀ nínú kámẹ́rà tí eruku ń jẹ nínú dúrọ́ọ̀ láàbù kò bàjẹ́. Àwòrán wọn ló ń pẹ́ dé.

Kí ló ń dá a dúró? Kámẹ́rà ń ya àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní férémù, ó lè tó 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ̀ǹpútà kò bá tètè rí ti ìṣáájú ṣe tán, àwọn tuntun á tò sẹ́yìn nínú bọ́fà, bí èrò ṣe ń tò de ọkọ̀ BRT ní CMS lálẹ́ Friday. Ẹni tó wà níwájú ìlà ni ojú wa ń rí, ohun tó wà lábẹ́ lẹ́ńsì ní báyìí sì wà ní ìsàlẹ̀ ìlà pátápátá. Nítorí náà ìbéèrè kan ni mo fi ń dán láíbìrì wò: bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù ú lọ, ṣé ó lè da férémù àtijọ́ nù kó sì gbé tuntun wá? Tó bá jẹ́ pé ńṣe la fẹ́ gba fídíò sílẹ̀, òdìkejì rẹ̀ la fẹ́: kí ẹyọ kan má ṣe sọnù. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, láíbìrì tó dáa sì máa ń fún èèyàn ní ọ̀nà méjèèjì.

Láíbìrì tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí ni ká kọ́kọ́ mú. Kì í ṣe kámẹ́rà díẹ̀ ló jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ToupTek ní Ṣáínà ló ṣe é, tí àwọn oníṣòwò wá lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Láíbìrì wọn, Toupcam, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux, macOS àti Android, èèyàn sì lè fi Python pè é. Ọ̀nà tó dára jù nínú rẹ̀ ni èyí tí láíbìrì ti máa ń kàn ta èèyàn lólobó pé férémù dé, tí ètò tiwa á sì lọ mú un nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ó tún jẹ́ kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti funfun àwòrán, èyí tó ṣe pàtàkì fún síláìdì tí wọ́n fi aró kùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kóòdù inú rẹ̀ wà ní títì pa, a ò lè tún un ṣe. Síbẹ̀ èyí sàn ju ti àwọn kámẹ́rà aláìlórúkọ tó jẹ́ pé sídíì kan ṣoṣo ló bá wọn wá, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ̀ ju Windows ayé ijọ́un lọ. Ta ló tún ní láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ sídíì?

Ibi tí mo dúró sí gan-an ni UVC. Ìlànà kan ni, ọdún 2003 ló jáde, ohun tó sì wà fún ni pé kí kámẹ́rà USB èyíkéyìí máa sọ èdè kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi dráífà kankan sí i mọ́. Láti 2008 ni Linux ti ní dráífà rẹ̀ nínú kẹ́níẹ̀lì, Windows àti Mac náà sì gbà á. Kámẹ́rà UVC tí a bá so mọ́ kọ̀ǹpútà Linux á yọjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bíi /dev/video0, láíbìrì tó bá wu èèyàn lè gbé e níbẹ̀. Nítorí èyí ni mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dání lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà, kó so kámẹ́rà mọ́ ọn lójú ọlọ́jà kó tó sanwó. Bí kò bá yọjú láìsí sídíì, kó dá a padà sí páálí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n UVC kò ní kí wáyà fẹ̀ sí i. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Férémù 1920 lọ́nà 1080 tí wọn kò fún pọ̀, báìtì méjì ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Tí a bá fẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 124. USB 2.0 kò lè gbé ju 60 lọ, orí ìwé nìyẹn, kò tó bẹ́ẹ̀ lójú iṣẹ́. Bí ó bá ṣe báyìí, kámẹ́rà á rọra rẹ iye férémù sílẹ̀, nígbà mìíràn títí dé márùn-ún, láìsọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Àfi ká ní kó fún férémù pọ̀ sí MJPEG nínú ara rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Ohun tó ń gún àwọn tó ń lo OpenCV lójú jù lọ nìyí. Ọdún 1999 ni Intel bẹ̀rẹ̀ OpenCV, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ Python máa ń kọ́kọ́ dì mú, nítorí ìlà kóòdù mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó láti rí àwòrán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí a kò bá là á yé e pé MJPG la fẹ́, ó lè mú èyí tí wọn kò fún pọ̀, kí àwòrán wá máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ó tún ní bọ́fà tirẹ̀. Ibì kan wà tí a ti lè ní kó dín in kù sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ abẹ́lẹ̀ tó ń lò ló ń gbọ́ràn. Ohun tí àwọn tó gbọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ya okùn iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ tí kò ní ṣe ohun mìíràn ju kó máa ka férémù lọ, kó máa tọ́jú èyí tó dé kẹ́yìn, kó máa da ìyókù nù. Ohun kan tún wà tí èèyàn á fi rẹ́rìn-ín: àwọ̀ búlúù ni OpenCV ń tò síwájú pupa. Ẹni tó bá gbàgbé, tó gbé àwòrán náà lé ètò mìíràn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, á rí i pé ojú àmì pupa tó wà lára kòkòrò ibà ti di búlúù.

GStreamer le láti kọ́ ju ìyẹn lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù ú lọ. 1999 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí òun náà. Ẹ̀yà kéékèèké ni wọ́n ń so pọ̀ níbẹ̀: èyí ń mú àwòrán látinú kámẹ́rà, èyí ń tú u, èyí ń gbé e sójú. Láàárín wọn ni èèyàn lè fi queue sí, kó sì kọ leaky=downstream sí i lára, ìyẹn ni pé bó bá kún, kó da àwọn àtijọ́ nù. Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tó bá kọ upstream, tuntun ni yóò máa dà nù, àtijọ́ ni yóò máa wò. Ẹ̀yà mìíràn tó ń jẹ́ tee á pín ìṣàn náà sí méjì, kí ọ̀kan máa lọ sójú kọ̀ǹpútà lọ́nà tó ń da férémù nù, kí èkejì máa lọ sínú fáìlì láìsọ ẹyọ kan nù. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ rí ìdáhùn níbí ní ìlà kan ṣoṣo. FFmpeg, tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ ní 2000, mọ gbogbo irú fáìlì tó wà láyé, kò sì sí ohun tó dà bíi rẹ̀ fún gbígbà sílẹ̀ àti yíyí padà. Fún wíwò lójú ẹsẹ̀, mi ò ní fi ṣe àkọ́kọ́.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní tiwọn. Ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Micro-Manager ní láàbù Ron Vale ní Yunifásítì California ní San Francisco, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe kámẹ́rà nìkan ló ń darí: ó ń yí lẹ́ńsì, ó ń sún síláìdì, ó ń tan iná. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ó ya iṣẹ́ méjì tí mo wí lẹ́ẹ̀kan sọ́tọ̀ gedegbe: getLastImage ń fúnni ní férémù tó dé kẹ́yìn, popNextImage ń yọ wọ́n lẹ́yọ-lẹ́yọ bí wọ́n ṣe tò. Ẹni tó bá fi èkejì wo síláìdì tí ètò rẹ̀ sì falẹ̀, bọ́fà á kún dẹ́nu, iṣẹ́ á dúró. Pypylon tó wà fún kámẹ́rà Basler náà ní irú ìpín yìí. Kámẹ́rà Basler wà lára àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà GenICam, Aravis sì ni láíbìrì ọ̀fẹ́ tó ń bá irú wọn sọ̀rọ̀ lórí Linux. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọn. Fún láàbù tó ń wo ibà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tìtorí wọn jẹ gbèsè.

Àwọn kan wà tí wọn kò lo láíbìrì kankan, tí àwòrán wọn sì yá ju ti gbogbo wa lọ: àwọn tó ń tún pátákó inú fóònù ṣe. Maikirosíkóòpù olójú mẹ́ta ni wọ́n ń lò, kámẹ́rà HDMI ló wà lórí ojú kẹta, wáyà sì lọ tààrà sínú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Kò sí kọ̀ǹpútà láàárín. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì tí kò fẹ́ ju kí kíláàsì rẹ̀ rí ohun tó wà lórí síláìdì lọ, ọ̀nà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí ni kó tọ̀. A ò nílò Python láti fi awọ àlùbọ́sà han ọmọ.

Nínú àwọn tí wọ́n ti lò ní ilẹ̀ Áfíríkà, OpenFlexure ni mo rí tó sún mọ́ ipò tiwa jù. Maikirosíkóòpù tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ jáde ni. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Bath àti Ifakara Health Institute ti Tanzania ti jọ fi wá kòkòrò ibà. Raspberry Pi ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi férémù MJPEG ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán, tó fi jẹ́ pé búráúsà inú fóònù lè wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀, Picamera2 ni láíbìrì tó yẹ kó kọ́.

MJPEG dára nínú ilé. Tó bá fẹ́ la afárá kọjá lọ bá dókítà ní Ìdí-Àràbà, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ká ní férémù kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílóbáìtì 100, tí 15 sì ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan: wákàtí kan á jẹ dátà gígábáìtì márùn-ún àti díẹ̀. H.264 tó ń lo mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní jẹ tó ẹyọ kan. Láti gbé H.264 lọ, HLS tí Apple gbé jáde ní 2009 rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń gé fídíò sí ègé tó gùn ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó fi ránṣẹ́, ẹni tó ń darí síláìdì láti òkèèrè kò lè lò ó. WebRTC ló bá a mu. Google tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2011, ó sì di ìlànà W3C ní oṣù January 2021; aiortc ni àwọn oníPython ń lò fún un. Ọ̀fìn kan wà nínú rẹ̀. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, àdírẹ́sì kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń pín, nítorí náà ẹ̀rọ méjì lè má rí ara wọn tààrà, àfi kí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní TURN dúró sáàárín wọn. Bí TURN yẹn bá wà ní Jámánì, àwòrán tó fẹ́ lọ láti Ẹnu Ọwá sí Ìdí-Àràbà á kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù. Àfi ká wá èyí tó wà nílé.

Fífún fídíò pọ̀ náà ní owó tó ń gbà. Ní lẹ́ńsì 100, pẹ̀lú kámẹ́rà tó wọ́pọ̀, àmì pupa inú kòkòrò ibà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè fẹ̀ tó píksẹ́lì mẹ́wàá. Tí wọ́n bá wá dín fífẹ̀ férémù náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin kó lè rọrùn gbé, ó ku bíi mẹ́ta. H.264 bó ṣe wọ́pọ̀ tún máa ń pín àwọ̀ sí ìdajì lọ́tùn-ún lósì àti lókè nílẹ̀. Àmì náà kò ní kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n pípupa rẹ̀ á ti ṣá, bẹ́ẹ̀ pípupa yẹn ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìdọ̀tí aró.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fò. Bí wọ́n bá mú iná nígbà tí fáìlì MP4 ń lọ lọ́wọ́, fáìlì náà lè di òkú, nítorí ìparí ni wọ́n ń kọ àtòjọ tó ń sọ ibi tí férémù kọ̀ọ̀kan wà. MKV kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tó ti wọlé ti wọlé. FFmpeg àti GStreamer ń kọ ọ́, ẹ fi ṣe ti yín. Kámẹ́rà náà lè jí lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á, kó wá máa jẹ́ video1 dípò video0; orúkọ inú /dev/v4l/by-id kì í yí padà, òun ni ká kọ sínú ètò.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òfin. Láti 2023 ni òfin ààbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́. Orúkọ aláìsàn kò gbọdọ̀ sí lára fáìlì, kò gbọdọ̀ sí nínú líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp.

Ohun tí dókítà náà fẹ́ gan-an kì í sì í ṣe fídíò nìkan. Ó fẹ́ kí fídíò kékeré máa lọ, kó lè ní "ẹ sún un sọ́tùn-ún díẹ̀, Àǹtí, ẹ dúró níbẹ̀", kí wọ́n sì wá fi férémù kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i ní ìwọ̀n rẹ̀ kíkún, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ kíkún. Láíbìrì tó lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láìdá ìṣàn dúró kò pọ̀. Picamera2 ní ìṣàn ńlá àti kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Toupcam ní àṣẹ tó ń ya àwòrán ńlá nígbà tí fídíò ń lọ, lórí àwọn kámẹ́rà tó gbà á. Pẹ̀lú kámẹ́rà UVC lórí Linux, àfi kí ìṣàn tó ń wọlé ti tóbi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí tee inú GStreamer wá dín ẹ̀ka tó ń lọ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kù, kí ẹ̀ka kejì máa tọ́jú férémù ńlá tó dé kẹ́yìn de ìgbà tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀.